Àpótí Méjì Láti Ògùnpa

Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ló kù nínú àpò ìwé
lẹ́yìn tí a san owó ilé l'Ápẹ̀tẹ̀,
lẹ́yìn tí éjẹ́ǹtì ti gé tirẹ̀,
tí lọ́yà tí a kò fojú rí rí náà gé tirẹ̀.
Mọfólúwakẹ́ ní kọ́tìnì ni ká fi rà.
Mo ní sípíkà ni.
Ó wò mí, ó wo fèrèsé,
ó wo àwọn ọmọ ilé kejì tí wọ́n ń wò wá bí ẹni wo sinimá,
kò sọ nǹkan kan.
Ìdákẹ́ rẹ̀ gùn ju àlàyé lọ.

Ní Ògùnpa, Bàbá Láyíwọlá,
tó ti ń tú rédíò palẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́,
gbé abàmì kan síwájú mi, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà,
iná pupa, iná aláwọ̀ ewé ń sáré yí i ká.
Ó tẹ̀ ẹ́. Eyín mi gbọ̀n lẹ́nu.
"Èyí á jí gbogbo àdúgbò!"
Mo ní, bàbá, èmi àti àdúgbò ò jà,
ìjẹta la ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀.
Yàrá mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, méjìlá lóòró;
ẹni tó ń gbé inú agolo kì í ra agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ló bá rẹ́rìn-ín, ó wọ abẹ́ tábìlì,
ó fa méjì jáde nínú eruku,
àpótí pákó kéékèèké, wọ́n jọra bí orúnkún méjì.
Ti apá òsì ti ya létí,
ó ti fi bébà àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bí ẹni di egbò.
"Tòkunbọ̀ ni. Kò lè pariwo. Àmọ́ kì í purọ́."
Mo fi ìka kàn án: kì í ṣe páálí.
Mo gbé e: ó wúwo ju bó ṣe rí lọ,
bí ọmọ tó sùn lọ léjìká ẹni.
Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan, mo gbọ́ gìtá,
mo gbọ́ onímáíkírà tó ń pe Mọ́kọ́lá, Mọ́kọ́lá,
n kò lè sọ èwo ló ti inú àpótí wá.

Ó ní ogójì. Mo ní ogún.
Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ,
mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bátìrì, ó pè mí padà.
Méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ó fi wáyà lé e, ó sì gbàdúrà fún ilé wa.

Mo tò wọ́n sórí pákó ìwé,
mo so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀.
Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí iná tó dé.
Ohùn náà jáde, ó kọlu ògiri, ó padà,
ó kọlu òkè àjà, ó padà,
obìnrin kan ṣoṣo di obìnrin mẹ́fà nínú àmù.
Mo sún wọn síwájú. Mo sún wọn sẹ́yìn.
Mo bú Láyíwọlá,
ohùn mi náà padà wá bú mi.

Mọfólúwakẹ́ dìde.
Ó ṣí àpótí aṣọ, ó fa ìró àdìrẹ mẹ́ta yọ,
ó fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ òkè fèrèsé,
ó tẹ́ ẹní sí àárín ilẹ̀.
"Ilé òfìfo ló ń fèsì," ó ní, "kì í ṣe sípíkà."

Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Àwọn mẹ́fà di ẹyọ kan.
Mo gbọ́ ibi tó ti mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀,
mo gbọ́ ìka tó yọ̀ lórí okùn gìtá,
etí òsì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí àgbà tó ń họ ọ̀fun.
Mo ní, "Ṣé o gbọ́?"
Ó ní, "Mo gbọ́.
Tí a bá yọ owó ọkọ̀ rẹ, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún."

Iná lọ kí n tó fèsì.
Àwọn ọmọ ilé kejì pariwo, "Ọ̀ọ̀ọ̀!"
A kò rí wọn, wọn kò rí wa,
òórùn aró gba yàrá kan.
Lọ́la, mo mọ̀, Gbági là ń lọ.